Nígbà Tí Ilẹ̀ Mì ní Ìlú Aládùúgbò Mi

Ọmọ títọ́ ló gbé mi dé Dagenham. Ọmọbìnrin mi bímọ, kò sí ẹni tí yóò bá a gbé e, ó ní kí n máa bọ̀, mo sì palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ní Èkìtì. Mo wẹ àwọn ọmọ rẹ̀, mo pọ̀n wọ́n, mo fún wọn lẹ́kọ mu, mo ń fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sílé-ìwé nínú òtútù tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ bóyá etí òun ṣì wà lórí. Báyìí wọ́n ti ga jù mí lọ. Bí wọ́n bá wọlé, wọ́n á kí mi ní ìdajì ìkíni, wọ́n á ki nǹkan bọ etí, wọ́n á gun òkè lọ. Ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Á jí ní kùtùkùtù lọ wẹ arúgbó alárúgbó, á fún wọn lóúnjẹ, á bá wọn ṣeré, arúgbó tirẹ̀ á sì jókòó sílé máa wo fèrèsé. N kò fi bá a jà. Iṣẹ́ yẹn ló ń gbé gbogbo wa ró, òun náà kì í sì í padà dé láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

Èmi kò kàwé lọ títí. Yorùbá ni mo lè kà, òun náà ni mo lè kọ. Gẹ̀ẹ́sì tèmi tó láti ra tòmátì lọ́jà East Street ní Barking, ó sì tó láti sọ fún dírẹ́bà bọ́ọ̀sì pé kó rọra. Kò tó láti fi bá èèyàn ṣeré. Nítorí náà, lójúmọmọ, ẹnì kan ṣoṣo tí mo ń yanu sí ni obìnrin tó wà lódìkejì ọgbà onípákó tó pín ẹ̀yìnkùlé tiwa àti tiwọn.

Ará Tọ́kì ni. Opó ni bíi tèmi. Ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ mọ́tò ńlá tó wà ní Dagenham nígbà kan, ibẹ̀ ló sì lo ara rẹ̀ gbó sí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, géńdé tí kò tíì gbéyàwó, ló ń bá a gbé, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń fi ọkọ̀ já ẹrù kiri láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gẹ̀ẹ́sì obìnrin náà tiro bíi tèmi. Bí tiro méjì bá pàdé, wọ́n á fara ti ara wọn, wọ́n á dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ó fún mi léwé nígbà kan, ewé fífẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀. Mo rò pé ẹ̀fọ́ ni. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo fi se ẹ̀gúsí. Nígbà tí ọmọ mi tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Màámi, ewé àjàrà nìyí! Ìrẹsì ni wọ́n máa ń fi pọ́n bíi mọ́ínmọ́ín." Mo ní ẹ̀gúsí gbà á, òun náà sì jẹ ẹ́ tán. Èmi náà fún aládùúgbò mi ní ata rodo. Lọ́jọ́ kejì ó na ìka sí mi láti orí ọgbà, ó ń mi orí, ó sì na ìka kan náà sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún béèrè òmíràn.

Láràárọ̀ ló máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà nílé lórí fóònù. Á gbé fóònù náà ti ìkòkò òdòdó, á máa ká aṣọ, á máa ja èpò, á sì máa pariwo sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n náà wà ní òdìkejì odò. "Abla!" á ní. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin nìyẹn. N kò gbọ́ gbólóhùn kan nínú èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣòfófó, mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n ti ń bá àbúrò wí, mo sì mọ ìgbà tí àbúrò bá ń purọ́. Èmi náà ní ẹ̀gbọ́n obìnrin rí. Mo máa ń dúró de àkókò yẹn kí n tó jáde lọ sá aṣọ.

Lọ́jọ́ kan ó kọ ojú fóònù náà sí mi. Mo rí obìnrin sísanra kan tó wé gèlè pẹlẹbẹ, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ó jókòó lórí bákónì ilé alájà púpọ̀ kan, ìkòkò òdòdó tí wọ́n kùn lọ́dà aláwọ̀ ewé tò yí i ká. Ó fi ọwọ́ lé àyà kí mi. Èmi náà, n kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ sórí koríko, nítorí àgbà ni àgbà, ì báà jẹ́ inú fóònù ló wà. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ni ẹ̀gbọ́n bá ní òun náà á kúnlẹ̀, àga sì fẹ́ gbé e ṣubú.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan nínú òtútù, mo gbé aṣọ jáde, n kò gbọ́ ohùn. Obìnrin náà dúró láàárín ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láìwọ kóòtù, pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ó ń tẹ fóònù, ó ń gbé e sétí, ó tún ń tẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Abla ńkọ́?"

Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó wá fi ọwọ́ kan náà gbọ̀n riri níwájú mi. Mo rò pé òtútù ló ń mú un. Mo bọ́ síwẹ́tà mi, mo na án sí i láti orí ọgbà. Ó gbà á, ó dì í mú, kò wọ̀ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ mi dé tó tan tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Àwọn ilé gíga, àjà lórí àjà, ti wó pẹlẹbẹ lé ara wọn bí ìgbà tí èèyàn bá to àwo jọ. Àwọn èèyàn dúró nínú yìnyín pẹ̀lú aṣọ oorun lọ́rùn, wọ́n ń pe orúkọ sínú òkìtì. Ọmọ mi ní ilẹ̀ ló mì, ìmìtìtì ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Mo jókòó. Nílé wa, ilẹ̀ la fi ń búra. Bí ẹnì kan bá dalẹ̀, a ní ilẹ̀ á mú un. Mo ti rí i rí tí òjò wó ilé: ògiri bàbá mi wó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gbogbo àdúgbò sì jáde fún ọ̀wẹ̀, àwọn kan ń po amọ̀, àwọn kan ń pọnmi, àwọn obìnrin ń dáná, ògiri sì dìde padà kí erùpẹ̀ ọwọ́ wọn tó gbẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Òun la gbé ẹsẹ̀ lé tí a fi mọ ògiri. Bí ilẹ̀ bá wá di ẹni tó ń wó ilé, níbo ni àwọn ọlọ́wẹ̀ á dúró sí?

Mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ṣí i. "Àǹtí, a kò tíì gbọ́ nǹkan kan," ó ní. Ó ń kó bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ará ìlú wọn ti gba gbọ̀ngàn kan lápá òkè London, gbogbo ẹni tó ní aṣọ òtútù ń kó o wá, àwọn sì ń dì í ránṣẹ́ sílé. Mo wá bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì kún un. Ọmọ náà ti rí ohun tí á fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ìyá rẹ̀ kò rí. Ó jókòó lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú pẹ̀lú fóònù lórí itan, àwọn ará ìlú rẹ̀ sì jìnnà, ọkọ̀ ojú irin méjì-mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì padà síbi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo sọ ọ́ fún Ìyá Ìjọ wa. Ìjọ Aládùúrà ni wá, a ń lo gbọ̀ngàn kan ní Barking. Obìnrin tí kì í fi nǹkan falẹ̀ ni Ìyá Ìjọ.

"Ó wà lódindi ilé, òun nìkan?" ó ní. "Kí la ń dúró dè? Bí a bá parí àdúrà òwúrọ̀ ọ̀la, ibẹ̀ là ń gbà lọ."

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pààrọ̀ aṣọ."

"Aṣọ wo la fẹ́ pààrọ̀? Aṣọ àdúrà ni. Ṣé aṣọ àdúrà ń bu èèyàn jẹ ni?"

Mo panu mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jáde láàárọ̀ kùtù, àwa ìyá mélòó kan nínú sùtánà funfun gbọ̀ọ̀, a wé orí wa ní funfun, a sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Heathway, a tò tẹ̀léra ní òpópónà wa. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Ìyá Ìjọ ní ká bọ́ bàtà nítorí àdúrà. A bọ́ ọ. A dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù, ní ẹsẹ̀ lásán.

Mo rí aṣọ fèrèsé tó mira. Mo rí ojú rẹ̀ nídìí rẹ̀. Kí a tó kanlẹ̀kùn ló ti ṣí i, ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ké. N kò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ ní òpópónà yẹn rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó jókòó lójú ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá itan rẹ̀, ó ń ní, "Abla, Abla."

Ìgbà náà ni ó tó yé mi. Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń di òkú níbi tó ti wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ Mùsùlùmí, òun la fi dì í. Ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ pa ti aṣọ tì. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé bí àwọn àgbà bá kó ara wọn jọ wá kan ilẹ̀kùn ẹni láàárọ̀ kùtù, wọ́n wá túfọ̀ ni? Ní ìlú wa, bí èèyàn bá rí wọn lókèèrè tí wọ́n ń bọ̀ bẹ́ẹ̀, á ti jókòó sílẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A rò pé ìlú ẹlòmíràn la wà.

Ọmọ rẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀. "Kí lẹ sọ fún un? Ta ló pè yín? Kí lẹ gbọ́?"

"A kò gbọ́ nǹkan kan," mo ní. "Kò sí nǹkan kan. Àdúrà la wá gbà."

Gẹ̀ẹ́sì mi kò lè gbé e dúró mọ́. Ọmọ náà gbé ìyá rẹ̀ nílẹ̀, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Àwa wọ bàtà wa. Ibùdókọ̀ la dé kí ọ̀kan nínú wa tó ní, "Ẹ ò rí nǹkan? A lọ túfọ̀ ẹni tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ pé ó kú."

"Ṣé èmi nìkan ni mo wọ funfun ni?" Ìyá Ìjọ ní. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lágbára, ó sì ń fi etí sùtánà rẹ̀ nu imú.

Láti ọjọ́ náà, aṣọ fèrèsé wọn kò ṣí mọ́. Mo ń jáde sá aṣọ, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Mo máa ń wúkọ́ kó lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ọmọ mi ní, "Màámi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Níbí, wọ́n máa ń fẹ́ àyè tiwọn."

"Àyè kí ni?"

"Àyè láti wà láwọn nìkan."

"Èmi tí mo wà lémi nìkan, ta ni mo bẹ̀ pé kó fún mi?" mo ní. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún, mo ní kó lọ jẹun.

Ṣùgbọ́n mo rò ó. Ní ìlú wa, a kì í bi ẹni tí ibi bá pé kí ló fẹ́. Ta ló mọ ohun tó fẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? A kàn máa ń gbálẹ̀ rẹ̀ ni, a ó kún omi rẹ̀. Ilẹ̀ ló kù tí mo lè gbá. Ní àárọ̀, mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá iwájú ilé wa, mo gbá a kọjá dé iwájú tiwọn. Mo ti agbá ìdọ̀tí wọn wọlé lẹ́yìn tí ọkọ̀ akólẹ̀ kọjá. N kò kanlẹ̀kùn, n kò wo fèrèsé. Mo ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, n kò ka iye ìgbà. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn mi. Ó dúró níbẹ̀, ó wò mí nínú búbà gbígbó mi àti síwẹ́tà ọmọ-ọmọ mi tí wọ́n kọ nǹkan sí láyà. Ó yí padà wọlé, ṣùgbọ́n ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Mo bọ́ bàtà nínú ilé, mo jókòó. Fídíò tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ ló ń wò lórí fóònù rẹ̀: òkìtì ilé wíwó, àwọn ọkùnrin tí erùpẹ̀ ti sọ di funfun lórí rẹ̀. Ó fi ìka kan igun kan. Mo tẹjú mọ́ ọn títí mo fi rí i: ìkòkò òdòdó kan, ọ̀dà rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, kò fọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Lójijì, ọkùnrin kan nínú fídíò náà gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ẹ̀rọ sì kú, gbogbo èèyàn dúró lójú kan náà, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Wọ́n ń tẹ́tí bóyá ẹnì kan máa dáhùn lábẹ́ ilé. Àwa méjèèjì náà kò mí. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé tó ṣófo, mo ti bá a gbé pẹ́. Èyí kì í ṣe irú rẹ̀. Èyí ń retí.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀.

Mo wá di ẹni tó ń lọ lójoojúmọ́. Mo máa ń gbé àwo ẹ̀gúsí tí n kò tíì bó dání, nítorí ọwọ́ tí kò rí nǹkan ṣe a máa yọ èèyàn lẹ́nu. Ó wò bí mo ṣe ń ṣe é, ó fa àwo náà sáàárín wa. Ó lọ́ra níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń fọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n níkẹyìn. A ń bó ẹ̀gúsí, fóònù wà láàárín wa. Bó bá dún, ọwọ́ wa á dúró. Bí kò bá jẹ́ ìròyìn, a ó tún máa bó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ níta. Kì í ṣe àkókò tó máa ń dé. Ó wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wo ìyá rẹ̀, èmi ló wò. Mo mọ ojú bẹ́ẹ̀. Ó ti wò mí rí lójú ẹlòmíràn, nígbà tí ọkọ mi lọ. Mo dìde bí ẹni fẹ́ bu omi mu, ó bá mi wọ ilé ìdáná.

"Wọ́n ti rí i," ó ní. "Wọ́n ti sin ín. Àǹtí, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́."

"Ó ti jẹun?"

"Kí lẹ wí?"

"Ìyá rẹ. Ó ti jẹun lónìí?"

Ó ní òun kò mọ̀. A kì í túfọ̀ fún ẹni tí ebi ń pa. Inú tó ṣófo kì í gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀wà wọn tí wọ́n ń lọ̀ kúnná wà lórí ẹ̀rọ, mo gbé e kaná, mo bu búrẹ́dì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó jókòó ti ìyá rẹ̀, kó má dúró, ẹni tó bá dúró ti sọ̀rọ̀ tán.

Obìnrin náà wo ọbẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wò mí. Ó mú ṣíbí, ó jẹun, díẹ̀díẹ̀, títí àwo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì bi ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan péré. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Mo wá mọ̀ pé ó ti yé e láti ìgbà tí mo gbé ọbẹ̀ dé. Ó jẹ ẹ́ nítorí pé àwa fẹ́ kó jẹ ẹ́.

Kò ké bíi ti àárọ̀ ọjọ́ sùtánà. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ sọ fún mi, ọmọ náà sì sọ ọ́: ohun tó dùn ún ni pé wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti sin ín, ọwọ́ òun kò sí níbẹ̀. Àwọn àjèjì ló gbẹ́ ilẹ̀. Mo ní, "Ọlọ́run á tù ọ́ nínú," ní Yorùbá, torí Gẹ̀ẹ́sì kò wá sí mi lẹ́nu. Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kó bọ́tà sílẹ̀, ó kó ṣúgà, ó kó wàrà. Ó mú àpò kékeré kan, ó gbọ̀n ọ́n, ìwọ̀nba ìyẹ̀fun tó wà nínú rẹ̀ kò kún ọwọ́. Ó fi ìbàjẹ́ ọkàn gbé e sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní, "Hẹ́lífà ni, oúnjẹ aládùn tí a fi ń ṣọ̀fọ̀. Bí èèyàn bá kú, a gbọ́dọ̀ rò ó nílé, kó máa ta sánsán, kí àwọn aládùúgbò jẹ nínú rẹ̀. Kó lè yá, ẹ jẹ́ kí n lọ ra ìyẹ̀fun."

Mo fi ìka bu ìyẹ̀fun náà wò, mo ra á láàárín ìka. Ó dà bí iyanrìn wẹ́wẹ́. Mo tún un wò. Mo ní, "Sẹ́mò nìyí o!"

Mo gba ẹ̀yìn lọ sílé wa, mo gbé odindi àpò sẹ́mò dé. Mo sì pe Ìyá Ìjọ: "Màmá, ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ẹ máa bọ̀. Ẹ má wọ sùtánà. Ẹ má kó ara yín jọ wá, ẹ máa wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lóòótọ́, nínú kóòtù dúdú, bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Nígbà tí Ìyá Ìjọ dé ilé ìdáná, bọ́tà ti yọ́, sẹ́mò ti ń yan nínú rẹ̀, ṣúgà àti wàrà sì wà nínú ìkòkò kejì.

Ó fà mí létí kóòtù. "Ṣé ṣúgà ni wọ́n fẹ́ dà sí sẹ́mò?"

"Òun ni."

"Ọbẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ẹ́?"

"Màmá, ẹ gba orógùn, ẹ máa rò ó."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó bá wọlé á gba ṣíbí igi náà, á rò ó, á fi ọkàn gbàdúrà fún òkú, á gbé e fún ẹlòmíràn. Kò gbọdọ̀ dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á jó. Apá wa mọ iṣẹ́ yẹn. Ìyá Ìjọ, ẹni tí kì í gbàdúrà láìpàtẹ́wọ́, dúró nídìí iná, ó fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó ń rò ó, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo rí i pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ná an ní nǹkan. Obìnrin ará Bangladẹ́ṣì tó ń gbé níwájú wa gbọ́ òórùn, òun náà wọlé, ó gba ṣíbí. Nígbà tí sẹ́mò pupa bí èèpo búrẹ́dì, ọlọ́fọ̀ gbà á fúnra rẹ̀, ó da wàrà sí i, èéfín bò wá lójú, gbogbo wa sì rí àyè nu ojú wa.

Ọmọ rẹ̀ gbé e káàkiri òpópónà nínú àwo kéékèèké. Ìyá Ìjọ jẹ tirẹ̀ tán, ó lá ṣíbí. Ó ní, "Kò burú. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe é fún ọkọ ẹni."

Lẹ́yìn èyí ni obìnrin náà lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ tó yè é, inú àgọ́ ló wà pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ó ní òun fẹ́ rí ibojì, kí òun sì bá ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tọ́jú àwọn ọmọ náà díẹ̀. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ó gbá mi mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bí oòrùn bá dé, mo dé." Mo ní ó dáa.

Oòrùn dé, ó lọ, ó tún dé. Ọmọ rẹ̀ ní àwọn ọmọ náà kò fẹ́ jẹ́ kí ó lọ mọ́, ibi tí wọ́n bá rí i pé ó jókòó sí ni wọ́n ń sùn. N kò lè bá a wí. Ọmọ títọ́ ló gbé èmi náà dé ibi tí mo wà.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Ìjọ ní Ìsinmi kan tí a jọ dúró de bọ́ọ̀sì. Mo ní ó dà bí ẹni pé aládùúgbò mi kò ní padà. Ó ní, "Háà." Ó yanu láti kí mi. Àwa Yorùbá, kò sí ohun tí a kò ní ìkíni fún, òjò, oòrùn, ìjókòó, ìrìn, ọ̀fọ̀. Ó ní, "Ẹ kú..." Ó dúró. Ó tún ní, "Ẹ kú..." Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ó wá a, kò rí i. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó wọlé.

Mo dé ilé. Ọmọ mi wà níbi iṣẹ́, àwọn ọmọ wà lókè. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi kọ́, mo gbé omi kaná, mo sì jókòó ti ìkòkò náà títí ó fi hó.